Táǹkì Tí Ojú Kò Rí

Ẹ dákun, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mélòó kan, kí a jọ sọ̀rọ̀ nípa ohun kan tí ẹ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́ láìmọ̀. Nígbà tí ẹ bá dúró ní ilé epo, tí ọmọ tí ń ta epo sì ti ti ẹnu rọ́bà bọ inú ọkọ̀ yín, ara ẹ̀rọ tí ń ka owó ni ojú yín máa ń wà. Kò burú, owó ni kí ènìyàn máa ṣọ́. Ṣùgbọ́n epo náà kò sí nínú ẹ̀rọ yẹn. Abẹ́ ẹsẹ̀ yín ni ó wà, nínú táǹkì ńláńlá tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, tí wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ bò, tí wọ́n sì tẹ́ kọnkéré lé lórí. Ta ni ó tún fojú kàn án láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín?

Àwọn àgbà inú yín yóò rántí wolé-wolé. Ìyá mi a máa sọ ọ́ fún wa pé bí wolé-wolé bá ti yọ lókèèrè, àwọn obìnrin agbo ilé a sáré da omi ìkòkò nù, nítorí bí ó bá rí tanwíjí nínú omi, ó di kóòtù, ó di owó ìtanràn. Wọ́n ń bú u, wọ́n ń sín in jẹ, síbẹ̀ wọ́n ń fọ ìkòkò wọn. Ohun tí mo fẹ́ bi yín lálẹ́ òní ni pé, ta ni wolé-wolé ìkòkò tí ó wà lábẹ́ ilé epo?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, mo háyà yàrá méjì ní ilé kan tí kò jìnnà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo ti ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́. Kànga kan wà lẹ́yìnkùlé ilé náà, omi rẹ̀ mọ́ gaara, kì í sì í gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Omi kànga yìí ni Ìyá Ìbejì, tí a jọ ń gbé ilé, fi ń ṣe ògì tí ó ń tà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, oníbàárà kan gbé ògì padà wá bá a, ó ní ó ń rùn bí epo fìtílà. Ìyá Ìbejì kò jẹ́ kí obìnrin náà sọ̀rọ̀ tán tí ó fi ké pe Táyé ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, nítorí òun ni ó máa ń fa omi. Ó ní kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì ni ọmọ náà fi pọn omi. Táyé ní òun kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jẹ pàṣán mẹ́fà.

Ní ọjọ́ kejì, Ìyá Ìbejì fúnra rẹ̀ lọ fa omi. Kò pẹ́ ni mo gbọ́ kò-kò-kò lẹ́nu ọ̀nà mi.

“Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi gbóòórùn omi yìí.”

Mo gbóòórùn rẹ̀. Mo ní, “Ìyá Ìbejì, epo ni o. Epo ọkọ̀ sì ni, kì í ṣe kẹrosíìnì.”

“Yéè! Ta ló da epo sínú kànga wa? Kí la ṣe fún un?”

Ilé epo kan wà lẹ́yìn ògiri wa. Mo fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ náà: ìṣísẹ̀ 70 ni láti ẹnu kànga dé ibi tí táńkà ti máa ń já epo. Àwa méjèèjì dìde, a lọ bá máníjà ibẹ̀. Ọmọlúwàbí ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó fún wa ní àga, ó ní kí wọ́n ra míníráàsì wá fún wa. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wa tán, ó ní, “Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Táǹkì wa kò jò. Bí ó bá ń jò, ṣé a ò ní mọ̀ ni?” Mo bi í pé báwo ni wọn yóò ṣe mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní lóòótọ́ ni epo ń dín láti bí oṣù mẹ́rin, ṣùgbọ́n òun ti rí ìdí rẹ̀: àwọn ọmọ tí ń tà á ni ń jí i, òun sì ti lé méjì lọ nínú wọn.

Ẹ bá mi wò ó. Epo sọnù, wọ́n lé ọmọ ọlọ́mọ méjì kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ògì rùn, wọ́n na ọmọdé. Táǹkì nìkan ni ẹnikẹ́ni kò fura sí.

A kọ ìwé sí ọ́fíìsì kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọkùnrin kan dé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ó wo ẹ̀rọ epo bóyá ìwọ̀n rẹ̀ pé, ó wo ohun ìpaná, ó ka garawa yanrìn, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò tilẹ̀ ti ọ̀pá bọ inú táǹkì. Kí a má parọ́, kì í ṣe pé ó gbàbọ̀dè. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀ pé kí ó wò ni ó wò.

Ọ̀rọ̀ máníjà yẹn, “ṣé a ò ní mọ̀ ni?”, kò kúrò lọ́kàn mi. Ó mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé, mo sì rí i pé orílẹ̀-èdè kan wà tí wọ́n ti bi ara wọn ní ìbéèrè yìí, tí ìdáhùn rẹ̀ sì ná wọn ní owó gọbọi. Amẹ́ríkà ni.

Nígbà tí ọkọ̀ pọ̀ ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn ogun Hitler, ilé epo hù káàkiri bí olú. Irin lásán ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn táǹkì náà, wọn kò fi nǹkan kan bò ó lára. Irin tí a rì mọ́ ilẹ̀ tútù, ẹ mọ ohun tí yóò dé bá a. Yóò dípẹtà, yóò máa jẹra díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi lu ihò bí ojú abẹ́rẹ́. Nígbà tí ó fi di àwọn ọdún 1980, epo ti ń bọ́ sínú omi abẹ́ ilẹ̀ ní ìlú púpọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni bí ìdajì àwọn ará Amẹ́ríkà ni ó ń mu omi tí ó ti abẹ́ ilẹ̀ wá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1984, Ààrẹ Ronald Reagan fọwọ́ sí òfin tí ó pa á láṣẹ fún àjọ tí ń dáàbò bo àyíká, èyí tí wọ́n ń pè ní EPA, pé kí ó kà wọ́n, kí ó sì ṣe ìlànà fún wọn. Wọ́n kà á, ó lé ní mílíọ̀nù 2! Ìjọba fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun jókòó lé táǹkì tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1988 ni ìlànà náà jáde. Wọ́n fún àwọn olówó táǹkì ní ọdún mẹ́wàá gbáko, títí di ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 1998. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí táǹkì rẹ̀ àtijọ́ wà lẹ́nu iṣẹ́, kí ó tún un ṣe kí ìpẹtà má lè jẹ ẹ́. Ẹni tí ó bá lè ra tuntun, kí ó rà á. Ẹni tí kò bá lè ṣe èyíkéyìí, kí ó tú epo inú rẹ̀ dànù bí ó ti yẹ, kí ó hú u jáde tàbí kí ó dí i pa. Nínú mílíọ̀nù 2 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ yẹn, díẹ̀ ni èyí tí ó kù lónìí fi lé ní 500,000.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń dènà ìpẹtà dùn mọ́ mi nínú púpọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Àwọn kan ń fi fáíbà ṣe táǹkì, nítorí fáíbà kì í dípẹtà. Àwọn tó bá sì jẹ́ irin, wọn a fi ọ̀dà tí ó nípọn kùn ún lára, wọn a sì so irin mìíràn mọ́ ọn nínú ilẹ̀, síǹkì tàbí magnesium, tí ilẹ̀ yóò máa jẹ dípò rẹ̀. Bí ẹni fi àgùntàn rọ́pò ènìyàn ni. Ilẹ̀ ń jẹ ẹran ìrúbọ yẹn, táǹkì ń bẹ láàyè. Ṣùgbọ́n bí ẹbọ náà bá jẹ tán, ó parí, nítorí náà òfin ní kí wọ́n máa dán an wò ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Nísinsìnyí, báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé táǹkì ń jò? Òfin wọn ní kí olówó táǹkì máa wá jíjò náà kiri ní gbogbo ọgbọ̀n ọjọ́, kí ó má ṣe dúró de ìgbà tí kànga aládùúgbò bá rùn. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń gbé sínú táǹkì, òru ni ó sábà ń ṣiṣẹ́, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò ra epo, tí epo dúró jẹ́ẹ́. Ó gbọ́dọ̀ lè rí jíjò tí kò ju ìdá márùn-ún gálọ́ọ̀nù kan lọ ní wákàtí kan. Ẹ lè sọ pé kí ni ìyẹn jámọ́? Kò tó lítà kan. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí a ti ń ṣe ní kíláàsì. Ní ọgbọ̀n ọjọ́, ó di gálọ́ọ̀nù 144. Ní ọdún kan, ó di gálọ́ọ̀nù 1,752, èyí tí ó lé ní lítà 6,600. Gbogbo rẹ̀ yóò sì ti gba inú ihò tí ojú ènìyàn lè má rí.

Ọ̀nà kan sì wà tí kò gba ẹ̀rọ, ọ̀pá àti bírò lásán ni. Èyí ni mo fẹ́ kí máníjà wa ìjọ́un gbọ́. Ojoojúmọ́ ni kí wọ́n ti ọ̀pá bọ táǹkì, kí wọ́n kọ iye tí ó wà níbẹ̀, iye tí táńkà já, àti iye tí wọ́n tà. Ní ìparí oṣù, kí wọ́n fi wé ara wọn. Òfin mọ̀ pé epo a máa fẹ̀, a sì máa sunkì nígbà tí ooru tàbí òtútù bá mú un, nítorí náà ó fi àyè sílẹ̀: ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún epo tí wọ́n tà, àti gálọ́ọ̀nù 130 lé e. Ilé epo tí ó bá ta gálọ́ọ̀nù 50,000 lóṣù, àyè tirẹ̀ jẹ́ 630. Bí ìṣirò bá kọjá iye yẹn ní oṣù méjì léra wọn, olówó táǹkì kò ní àyè láti jókòó máa wá olè. Láàárín wákàtí 24 ni kí ó ránṣẹ́ sí ìjọba pé òun fura sí táǹkì òun. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà sì sọ pé ọ̀pá nìkan kò tó, nítorí jíjò kékeré a máa fara pamọ́ sínú àyè yẹn, nítorí náà ìgbà díẹ̀ ni wọ́n gbà kí ènìyàn fi mọ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ìdánwò mìíràn. Ṣùgbọ́n ó sàn ju pé kí a máa lé ọmọ ọlọ́mọ lọ.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ lọ́kàn: òfin tí ó dára bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú ìwé tiwa náà. Òótọ́ ni. Bí a ṣe ń mú ènìyàn pa òfin mọ́ ni iṣẹ́ wà, ní Amẹ́ríkà pàápàá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wolé-wolé wọn kò tó. Ilé epo kan lè wà fún ọdún gbọọrọ kí ẹnikẹ́ni tó yà á wò. Owó ìtanràn wà o, òfin gbé e ka $10,000 lórí táǹkì kan fún ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ti lé sí i láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n láti gba irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn, ẹjọ́ ni, lọ́yà ni, ìwé ni. Kí ẹjọ́ tó parí, epo ń jò lọ. Wọ́n wá dá ìwé ẹ̀sùn kékeré kan sílẹ̀ tí wolé-wolé lè já fún ènìyàn lójú ẹsẹ̀ fún àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tí kò tóbi, pẹ̀lú owó tí kò pọ̀ àti ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ tún nǹkan náà ṣe.

Ní ọdún 2005 ni wọ́n rí ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ilé aṣòfin wọn ṣe òfin tuntun, Ààrẹ George W. Bush fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹjọ. Ó ní kò gbọdọ̀ ju ọdún mẹ́ta lọ láàárín àbẹ̀wò kan sí èkejì ní ibikíbi tí táǹkì bá wà. Ó ní àwọn tí ń ṣọ́ táǹkì gbọ́dọ̀ kọ́ṣẹ́ rẹ̀, títí kan ọmọ tí ó dúró ti ẹ̀rọ epo. Lẹ́yìn náà ni ó fi èyí tí ó dùn mọ́ mi jù kún un: táǹkì tí kò bá pa òfin mọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ já epo sínú rẹ̀. Ní àwọn ìpínlẹ̀ kan, wolé-wolé a so páálí pupa mọ́ ẹnu páìpù tí táńkà ń gbà já epo. Awakọ̀ táńkà tí ó bá rí páálí yìí, tí ó tún já epo síbẹ̀, òun àti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti lúgbàdì òfin.

Ẹ rí ọgbọ́n inú rẹ̀? Ẹni tí ó lówó lè fi ọdún mẹ́ta bá ìjọba ṣe ẹjọ́ lórí owó ìtanràn, kó sì máa ta epo rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí táǹkì bá gbẹ, tí àwọn oníbàárà ń kọjá lọ sí ilé epo kejì, kò sí lọ́yà tí yóò bá a ta ọjà. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣe, kíákíá ni yóò ṣe é. Ó rán mi létí baálé ilé kan tí mo mọ̀, ìyàwó rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kí ó tún òrùlé ilé ìdáná ṣe. Ọjọ́ tí ìyàwó ní òun kò lè dáná mọ́ nínú òjò, ọjọ́ náà ni àkàbà jáde.

Ẹ má ṣe rò pé gbogbo rẹ̀ lọ geere. Àwọn tí òfin dùn jù ni àwọn onílé epo kéékèèké ní abúlé, tí ó jẹ́ pé táǹkì tuntun ju owó tí wọ́n ní lọ. Ọ̀pọ̀ wọn kógbá sílé. Òfin tún ní kí ẹni tí ń ta epo fi hàn pé òun lè rí mílíọ̀nù kan dọ́là bí nǹkan bá bàjẹ́, bóyá nípa adójútòfò tàbí ọ̀nà mìíràn. Èyí náà wúwo. Ìjọba ní láti dá àpò owó kan sílẹ̀ ní ọdún 1986, ìdá mẹ́wàá sẹ́ǹtì kan lórí gálọ́ọ̀nù epo kọ̀ọ̀kan, láti fi tún ibi tí kò ní olówó ṣe. Àwọn ibi tí wọ́n ti rí jíjò láti ìgbà tí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ lé ní 500,000. Wọ́n ti tún èyí tí ó pọ̀ jù ṣe, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì ṣì kù.

Iye tí ó ń náni láti wẹ ilẹ̀ mọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní ìlú Santa Monica, ní ìpínlẹ̀ California, wọ́n ti àwọn kànga ìlú pa ní ọdún 1996, nítorí èròjà kan tí wọ́n ń pò mọ́ epo ọkọ̀, MTBE ni orúkọ rẹ̀, ti wọ inú wọn láti ara táǹkì àti páìpù tí ń jò. Bí ìdajì omi ìlú náà ló lọ bẹ́ẹ̀. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí wọ́n fi ń ra omi láti ibòmíràn kí wọ́n tó lè wẹ omi tiwọn mọ́. Ìlú ọlọ́rọ̀ ni o.

Àwa ńkọ́? Láti ọdún 2021 tí òfin epo tuntun ti jáde, àjọ NMDPRA ni ó ń fún ilé epo ní ìwé àṣẹ ní Nàìjíríà, ó sì lè tì í pa. A ti rí i tí wọ́n ti ilé epo pa nítorí ìwọ̀n èké tàbí nítorí pé wọ́n kó epo pamọ́. Mo yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n èké, àpò wa ni ó ń jí. Èyí tí ó ń jò sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wa ni ó ń wọ̀. Nínú epo ọkọ̀ ni benzene wà, àwọn dókítà sì ti mọ̀ dájú pé ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé wa ni kò ní omi ẹ̀rọ, kànga àti bọhóò ni gbogbo ayé ń gbẹ́. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Baruwa, ní Alimosho ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Láti àwọn ọdún 1990 ni epo ti wọ inú kànga wọn. Páìpù epo abẹ́ ilẹ̀ ni ti ibẹ̀, kì í ṣe táǹkì, ṣùgbọ́n kànga kò mọ ìyàtọ̀.

Nítorí náà, bí omi yín bá yí òórùn padà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ṣáná sí i láti mọ̀ bóyá epo ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe bẹ́ẹ̀, mo mọ̀ yín. Orí omi ni epo í léfòó sí, èéfín rẹ̀ a sì kún inú kànga dé ẹnu. Ó lè gbé ènìyàn lọ. Sísè kò sì mú un kúrò bí a ti ń se omi láti pa kòkòrò. Ẹ dá omi náà dúró, fún mímu àti fún wíwẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ sílẹ̀, ẹ kọ ìwé sí ìjọba, kí ẹ sì mú ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́. Nínú ìwé náà, ẹ má kàn kọ pé “omi wa ń rùn.” Ẹ béèrè pé nígbà wo ni wọ́n dán táǹkì yẹn wò kẹ́yìn, ta ni ó dán an wò, kí ni ìwé ìdánwò náà sọ. Ìbéèrè mẹ́ta yìí ni èmi àti Ìyá Ìbejì kò mọ̀ láti bi ọkùnrin tó mú ìwé wá ìjọ́sí. Garawa yanrìn ló ń kà, a sì dúró tì í, a ń bá a kà á.

Kànga yẹn ti di títì pa. Onílé da kọnkéré lé e lórí, ó sì di ibi tí àwọn ọmọdé ti ń ta ayò. Ìyá Ìbejì ń ra omi táńkà fún ògì rẹ̀, iye tí ó ń tà á sì lọ sókè. Mo rí Táyé ní àsìkò Kérésìmesì tó kọjá, ó ti ga jù mí lọ, ilé ẹ̀kọ́ gíga ni ó wà. A rántí ọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì, a rẹ́rìn-ín. Ó yí sí ìyá rẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin Màmá, ẹ kò tíì bẹ̀ mí lórí pàṣán mẹ́fà yẹn o.” Ìyá Ìbejì ní kí ó wá jẹun.